Ọ̀pẹ Ti Ọkọ, Èkùrọ́ Ti Ìyàwó

Ohun tí ọmọ yìí kà sí mi létí láàárọ̀ ló fà á tí mo fi ní kí ẹ wá jókòó tì mí. Ó ń ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Faransé, mo ní kó sọ ọ́ lédè wa. Ó ní nínú ìwé wọn, ọkọ̀ ojú omi ló sọ Amẹ́ríkà di Amẹ́ríkà. Ó ní àwọn kan wọkọ̀, wọ́n la òkun kọjá, wọ́n gbin táábà àti òwú síbẹ̀, wọ́n ń fi ọkọ̀ kó o lọ tà, bẹ́ẹ̀ ni ìlú wọn ṣe ń gbòòrò. Mo bi í pé, ta ló gbin òwú náà? Ó ní ìwé kò sọ. Mo ní kó tún un wò dáadáa. Ó tún un wò, ó ní ìwé kò sọ.

Inú bí mi. Ẹ má sọ fún mi pé arúgbó kì í bínú. Ara ló ń gbó, ìbínú kì í gbó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ìwé kò sọ. Òkun tó sọ Amẹ́ríkà di Amẹ́ríkà, òun náà ló sọ Pọ́bẹ̀ ìlú wa yìí di Pọ́bẹ̀. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mi ò fojú kan òkun títí mo fi bímọ tán, ṣùgbọ́n òkun wà nínú ilé ìdáná wa. Àgbàdo tí a fi ń ro ẹ̀kọ, ẹ̀pà, gbágùúdá tí ẹ fi ń ṣe gààrí, ọkọ̀ ló kó gbogbo wọn wá láti òdìkejì. Iyọ̀ gba ọ̀nà ibẹ̀ wá, àwo tánganran gba ọ̀nà ibẹ̀ wá, aṣọ tí wọ́n fi gbé mi níyàwó náà gba ọ̀nà ibẹ̀ wá. Kí ni àwa fi fún wọn? Láyé àwọn ìyá ìyá wa, èèyàn ni wọ́n kó. Ẹ lọ sí Àjàṣẹ́ létí ọ̀sà, ẹ ó rí àwọn Àgùdà, àwọn tí baba ńlá wọn padà wá láti Bràsíìlì tòun ti orúkọ òyìnbó. Àwọn tó rí ọ̀nà padà nìyẹn. Àwọn tí kò rí ọ̀nà padà ló gbin òwú. Nígbà tí òyìnbó wá ní òun ò ra èèyàn mọ́, epo ló ní ká kó wá, epo pupa tí yóò fi ṣe ọṣẹ, tí yóò sì fi pa irin ẹ̀rọ rẹ̀ lára kó má baà dún.

Bàbá mi, tí ilé rẹ̀ wà ní Ìta Ìjẹ̀bú, wà lára àwọn tó ń yí àgbá epo. Ẹ ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àgbá onípákó ni, ó ga tó àyà ọkùnrin, epo kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Wọ́n á dá a dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà, wọ́n á máa fọwọ́ yí i láti Sakẹ́tẹ́ lọ sí Àjàṣẹ́ níbi tí ọkọ̀ ọ̀sà ti ń gbà á. Bàbá ní lọ́jọ́ kan, àgbá bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó ń yí lọ, ó ń dún gbùrùrù, ó já wọ oko ẹ̀gẹ́ ẹni ẹlẹ́ni, ó sì fọ́. Ó ní àwọn adìẹ abúlé náà pupa títí òjò fi wẹ̀ wọ́n. Bó bá ti sọ ọ́ débẹ̀, ẹ̀rín á pa wá títí omi á fi bọ́ lójú wa. Nígbà tí wọ́n ṣe ọ̀nà irin dé Pọ́bẹ̀, ọkọ̀ ojú irin gba iṣẹ́ àgbá yíyí. Á máa fọn fèrè bọ̀ láti Sakẹ́tẹ́, gbogbo ajá á máa dá a lóhùn. Lónìí, irin ọ̀hún wà nínú koríko, ewúrẹ́ ló ń sùn lórí rẹ̀.

Ṣé ẹ ń gbọ́ ariwo alùpùpù àwọn sẹmijàn tó ń gbé èrò kọjá yìí? Láyé ìgbà náà, ariwo tó ń jí wa ni ti èkùrọ́. Òkúta kan nílẹ̀, òkúta kan lọ́wọ́. Kọ̀, kọ̀, kọ̀, láti ojúlé dé ojúlé. Bí ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ ti mọ̀ pé obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń ṣe ti ara rẹ̀. Òfin wa nìyí, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n: ọ̀pẹ ti ọkọ ni, epo ti ọkọ ni, èkùrọ́ ti obìnrin ni. Ọkùnrin á gun ọ̀pẹ, á gé ìdì ẹyìn lulẹ̀. Obìnrin á ṣà á, á sè é, á fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ nínú ẹbu, ìyẹn kòtò tí a fi amọ̀ rẹ́ tí a ti ń fún epo. Epo tó bá léfòó, ti baálé ni. Èkùrọ́ tó bá kù nísàlẹ̀, tìrẹ ni, ìwọ tó tẹ̀ ẹ́. Wàá sá a, wàá pa á, wàá tà á fún àwọn ìdílé mùsùlùmí oníṣòwò tó ń wá láti Sakẹ́tẹ́, àwọn ló ń kó o lọ bá ọkọ̀. Kò sí baálé tó gbọ́dọ̀ bi ọ́ pé báwo lo ti ṣe owó rẹ̀. Wọ́n ní èkùrọ́ ni alábàákú ẹ̀wà. Nílẹ̀ tiwa, èkùrọ́ ni alábàákú obìnrin.

Ìdí èkùrọ́ la ti ń gbọ́ gbogbo ìròyìn ayé. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń yan àlè, ìdí èkùrọ́ la ti máa ń mọ̀. Ẹni tó bá ń sọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́nu méjì, òkúta á tètè gé e lọ́mọ ìka, a ó sì ní òkúta náà gbọ́. Ìyá ọkọ mi ni ọ̀gá wa níbẹ̀. Ìyá Àkànní ni gbogbo ayé ń pè é, obìnrin kúkúrú kan tí ohùn rẹ̀ tóbi jù ú lọ. Èkùrọ́ ló fi kan páànù sórí ilé nígbà tí ilé ọ̀pọ̀ ọkùnrin ṣì jẹ́ koríko. Èmi náà, nígbà tí mo bí Ìyábọ̀ àkọ́bí mi, èkùrọ́ ni mo tà tí mo fi ra aṣọ tí mo fi pọ̀n ọ́n. Mi ò tọrọ. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa, ẹ̀yin ọmọbìnrin. Mi ò tọrọ.

Òmìnira wá dé. Wọ́n fa àsíá tuntun sókè, a jó, àwọn ọmọ ilé ìwé lekọ́ọ̀lù kọrin títí ohùn wọn fi há. A rò pé ẹni tó jókòó lé wa lórí ti dìde. Kò pẹ́ tí a gbọ́ pé wọ́n ń kọ́ èbúté tuntun sí Kútọnu, èyí tí ọkọ̀ ńlá á lè sún mọ́ ilẹ̀, tí wọn ò ní máa fi ọkọ̀ kékeré la ìgbì lọ bá a mọ́. Ohun rere ni, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n èbúté ńlá, ikùn ńlá ló ní. Ọkùnrin kan ti Kútọnu wá, ó wọ ṣòkòtò tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó kó àwọn ọkùnrin jọ sábẹ́ igi ọsàn. Ó ń sọ Faransé, ó ń sọ èdè Gùn tí wọ́n ń sọ ní Àjàṣẹ́, Àkànní ọkọ mi tó kàwé díẹ̀ ní Sakẹ́tẹ́ ń túmọ̀. Ó ní a óò dá kóperatíìfù sílẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ alájùmọ̀ṣe. Ó ní kí obìnrin má fẹsẹ̀ tẹ epo mọ́, ó dọ̀tí. Kámíọ̀n, ìyẹn ọkọ̀ akẹ́rù, á máa wá kó ìdì ẹyìn lódindi lọ sí ilé iṣẹ́, ẹ̀rọ á fún epo rẹ̀, ẹ̀rọ á pa èkùrọ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì wọ ọkọ̀ lọ. Ó ní ká yára. Ó ní ọkọ̀ ń dúró.

Àwa obìnrin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, à ń gbọ́. Kò sẹ́ni tó bi wá ní nǹkan kan. Wọ́n fi Àkànní ṣe délégé, ìyẹn aṣojú wọn ládùúgbò wa, wọ́n fún un láṣọ kakí. Ó wọ̀ ọ́ wálé, ó ń wo ara rẹ̀ lójú omi inú ìkòkò. Mo fẹ́ràn ọkọ mi, ẹ má ṣì mí gbọ́. Èèyàn dáadáa ni. Ṣùgbọ́n kakí lè pa ọkùnrin bí ọtí.

Mo gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, mo ní, "Bàbá Ìyábọ̀, èkùrọ́ wa ńkọ́?"

"Èkùrọ́ wo?"

"Èyí tó wà nínú ẹyìn tí ẹ fẹ́ kó fún kámíọ̀n."

"Kóperatíìfù á san owó rẹ̀ fún mi, èmi á sì fún ọ ní tìrẹ."

"Ẹ ó fún mi? Èyí tó jẹ́ tèmi lẹ ó fún mi?"

Ó ju òkèlè sílẹ̀. "Ta ló gbin ọ̀pẹ? Ta ló ń gùn ún? Ẹni tó lẹrú ló lẹrù!"

Òwe ni, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, ojoojúmọ́ là ń pa á. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń pa èkùrọ́. Kọ̀, kọ̀, kọ̀, ó dáwọ́ dúró. Ó wọlé tòun ti òkúta lọ́wọ́.

"Àkànní, ta lẹrú níbí?"

"Ìyá, òwe ni mo pa."

"Mo gbọ́ òwe. Mo ní ta lẹrú? Ìyá tó bí ìyá mi, inú àbàtà Ọ̀họ̀rí ló sá sí nígbà tí wọ́n ń kó èèyàn lọ sétí òkun. Ó fi amọ̀ dúdú kun ara, ó jókòó sínú omi tòun tọmọ, ó fọmú dí ọmọ náà lẹ́nu kó má baà sunkún. Ọkọ̀ ń dúró nígbà yẹn náà. Wọn ò rí i kó. Ìwọ àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ wá jókòó sábẹ́ páànù tí èkùrọ́ rà, ò ń pòwe ẹrú fún ìyàwó rẹ."

Àkànní dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú," ṣùgbọ́n kò ní òun ò ṣe é mọ́.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìyá Àkànní wọ ojúlé kan bọ́ sí òmíràn, kò sì pariwo. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ fún gbogbo obìnrin: "Bí wọ́n bá gé e, ẹ má fọwọ́ kàn án."

Wọ́n gé e. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni, ìgbà tí ẹyìn máa ń pọ̀ jù. Gbogbo ọkùnrin àdúgbò gun ọ̀pẹ, wọ́n kó ìdì ẹyìn jọ sẹ́bàá ọ̀nà, ó ga bí ilé. Délégé dúró tì í nínú kakí. Kámíọ̀n ò dé. Òjò rọ̀, ọ̀nà di ẹrẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, kámíọ̀n ò dé. Ẹyìn ò sì mọ ohun tó ń jẹ́ sùúrù. Bí a bá ti gé e, tí a ò tètè sè é, á kan. Inú òkìtì náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, eṣinṣin bò ó, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ọ̀nà lekọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá ń kọjá á fọwọ́ bo imú, á wo Àkànní, á ní, "Délégé, ẹ kú ìdúró o."

Àwọn ọkùnrin wá bá wa. Wọ́n ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sè é kó tó bàjẹ́. Ìyá Àkànní ní, "Wọ́n ní ẹsẹ̀ wa dọ̀tí." Wọ́n ní ká má bínú. Ó ní, "Àwa ò bínú. Ẹsẹ̀ ló dọ̀tí."

Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe àṣìṣe tó jẹ́ pé ọkùnrin ilẹ̀ wa nìkan ló lè ṣe é. Wọ́n ní àwọn á tẹ̀ ẹ́ fúnra àwọn. Ẹni tó ti ń wo ìyá rẹ̀, tó ti ń wo ìyàwó rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti ń jẹ epo, ó rò pé wíwò ni mímọ̀. Wọ́n da ẹyìn sínú ìkòkò, wọn ò jẹ́ kó jiná, wọ́n kó o sínú ẹbu. Wọ́n ká ṣòkòtò sókè, wọ́n wọlé, wọ́n ń di ara wọn mú. Gìgísẹ̀ la fi ń tẹ ẹyìn, ẹ̀yin ọmọ, a kì í fi ọmọ ìka tẹ̀ ẹ́. Ọmọ ìka ni Àkànní fi tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó di ẹni tó wà nítòsí mú, ìyẹn náà di ẹlòmíràn mú, gbogbo wọn jókòó pọ̀ sínú ẹyìn. Wọ́n dìde, wọ́n da omi sí i, wọ́n dà á jù. Kò sí epo tó léfòó. Ohun tó léfòó ni fìlà ẹnì kan.

Nígbà ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó tẹ̀ lé e, àwọn ará Sakẹ́tẹ́ gbẹ́ ère kan sórí agọ̀ wọn: ọkùnrin kan nínú kòtò, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lókè, fìlà rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n jó o lọ́sàn-án gangan láàárín ọjà, ide ẹsẹ̀ wọn ń dún. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n Àkànní ni gbogbo ojú ń wò. Òun gan-an rẹ́rìn-ín nígbà tó yá. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tòde òní, mo rí i pé àlejò tó ń fi fóònù yàwòrán ni wọ́n ń jó o fún. Àwọn ìyá ni a ń jó o fún nígbà náà, kí inú wọn lè dùn sí ìlú. Mo ti ń ya bàrá. Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́bàá ọ̀nà.

Àkànní rìn wálé, epo àti ìhá lára kakí rẹ̀ látòkè délẹ̀. Kò wọlé. Ó dúró níwájú èmi àti ìyá rẹ̀, àwọn obìnrin tó kù pé lé wa lórí, àwọn ọkùnrin tó kù wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wo ohun tó dojú kọ mi níbẹ̀. Bí a bá gbà láìsọ nǹkan kan, lọ́dún tó ń bọ̀ kámíọ̀n á tètè dé, èkùrọ́ á lọ títí ayé, èmi á sì di ẹni tó ń tẹ́wọ́ kó tó rí aṣọ pọnmọ. Bí a bá kọ̀ délẹ̀, iṣẹ́ gbogbo ilé wa á jẹrà sẹ́bàá ọ̀nà, gbogbo wa lebi á sì pa. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Ṣùgbọ́n mo mú ọkàn le.

Mo ní, "Bàbá Ìyábọ̀, ẹ sọ ọ́ sókè. Ta ló ni èkùrọ́?"

"Ìwọ náà mọ̀."

"Èmi mọ̀. Àwọn wọ̀nyí ò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu yín."

Ó wo ilẹ̀, ó wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. "Èkùrọ́, ti obìnrin ni."

Ìyá rẹ̀ ní, "Etí mi ti ń di."

"Ti obìnrin ni!" Ó pariwo rẹ̀. "Ti obìnrin ni, Ìyá! Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká lọ."

A ṣán ìró, a lọ. Èyí tó ti bàjẹ́, a kó o dànù. Èyí tó kù, a bẹ̀rẹ̀ sí í sè é díẹ̀díẹ̀, àwọn ọkùnrin ń pọnmi, wọ́n ń ṣẹ́gi, kò sẹ́ni tó ń bá wọn wí. Èéfín gba ojú wa. A wọ ẹbu, a tẹ̀ ẹ́, epo léfòó bó ti yẹ kó léfòó. Orin tí a ń kọ lọ́jọ́ náà, bí mo bá kọ ọ́ fún yín, àwọn ìyá yín á ní mo ń bà yín jẹ́.

Inú ẹbu náà la wà nígbà tí kámíọ̀n dé, ẹrẹ̀ bò ó délẹ̀kùn. Ọkùnrin Kútọnu náà sọ̀ kalẹ̀, bàtà rẹ̀ rì. Ó wo òkìtì ẹyìn tó kù, ó wo èkùrọ́ tí a ti yọ sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n kó méjèèjì sínú kámíọ̀n kíákíá, ọkọ̀ ti wà ní èbúté, ọkọ̀ ń dúró. Ó kọjú sí ọkọ mi. "Délégé, o ṣèlérí."

A dúró gbagidi, epo dé wa lórúnkún. Mo mọ̀ pé ó lè kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ, kakí ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ọkùnrin náà sì lágbára ju tiwa lọ. Àkànní fi èdè Gùn dá a lóhùn, ó sì tún un sọ lédè wa kí gbogbo wa lè gbọ́: "Ohun tí kì í ṣe tèmi ni mo ṣèlérí. Ẹ bi àwọn tó ni ín."

Ọkùnrin náà yíjú sí wa. Mo rò pé Ìyá Àkànní ni yóò sọ̀rọ̀. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi níhà. Èmi! Mi ò bá òṣìṣẹ́ ìjọba sọ̀rọ̀ rí láyé mi.

Mo ní, "Mùsíọ̀, ẹ kú ọ̀nà. Èkùrọ́ wa, tòun ti èyí tó wà nínú ẹyìn òkìtì yẹn, kò tíì gbẹ, a ò sì tíì pa á. Bí a bá pa á tán, a ó gbé e lọ sọ́jà. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ wá rà á níbẹ̀ bí gbogbo èèyàn."

Àkànní túmọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà sọ nǹkan kan. Àkànní ní, "Ó ní ọkọ̀ ńkọ́?"

"Ẹ ní kó dúró."

Kámíọ̀n padà lófìfo, àwọn ọkùnrin wa ló bá a tì í kúrò nínú ẹrẹ̀. Ẹ má rò pé a ṣẹ́gun ayé. Lẹ́yìn náà wọ́n gbin ọ̀pẹ kúkúrú tiwọn síbòmíràn, ẹ̀rọ ń jẹ ìyẹn lódindi. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ ilé wa, títí Àkànní fi kú, kò sẹ́ni tó tún bèèrè èkùrọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin.

Nígbà tí èkùrọ́ ọjọ́ náà gbẹ, a pa á, a gbé e lọ sọ́jà Pọ́bẹ̀. Mo tẹ́ tèmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá ọkọ mi. Oòrùn ò tíì ga tí mo rí ọkùnrin Kútọnu náà tó ń bọ̀ láàárín àwọn agbọ̀n ata, àpò òfìfo lábíyá rẹ̀. Àwọn oníṣòwò Sakẹ́tẹ́ ti wà níwájú mi, ó dúró lẹ́yìn wọn. Nígbà tó kàn án, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bu díẹ̀ sọ́wọ́, ó bi mí pé èló ni mò ń tà á.